Idẹ Ni Kí Á Wò, Kì Í Ṣe Dídán: Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ Omi Aláṣà Àtijọ́

Ẹni tí ó bá ń kọ́lé sí Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí iṣẹ́ sì ti kan balùwẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi yóò fi dé etí rẹ̀. Oríṣiríṣi ni àwọn òǹtajà yóò gbé kalẹ̀ fún un. Èyí tí wọ́n ń pè ní aláṣà àtijọ́ ni èyí tí orí rẹ̀ rí bí àgbélébùú, tí ọrùn rẹ̀ kúrú, tí à ń fi ọwọ́ yí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí omi tó dà dáradára sínú béésìn. Ó wuni lójú, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n àṣà àtijọ́ ti ta ni?

Ti òyìnbó ni. Ní ọdún 1845 ni ilé iṣẹ́ Guest and Chrimes ní ìlú Rotherham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tí ń fi wọ́ṣà tẹ ojú ihò omi pa bí a bá ti ń yí i. Ní àkókò yẹn, àmù ni ó wà ní igun ilé Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú ọmọrí àti igbá ìbomi. Omi kò ní ẹnu kan tí ń pọ̀ ọ́ jáde lára ògiri. Ènìyàn ni ó ń bù ú fún ènìyàn. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, ọmọdé ni yóò gbé omi ìṣanwọ́ wá, àgbà ni yóò sì kọ́kọ́ ṣan ọwọ́. Ibẹ̀ ni a ti mú un tí a fi ń sọ pé ọmọdé tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Béésìn òun ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ọmọdé, ìwà tí ó ń kọ́ níbẹ̀ sì ti bá a lọ.

Kì í sì í ṣe pé tayọ̀tayọ̀ ni gbogbo ènìyàn fi tẹ́wọ́ gba omi ẹ̀rọ. Ní ọdún 1908, nígbà tí ìjọba Gómìnà Walter Egerton fẹ́ kí àwọn ará Èkó máa san owó omi, wọ́n fárígá, Herbert Macaulay sì wà lára àwọn tí ó tako ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kànga wà nílé àwọn.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ òyìnbó yìí gbà bá ilẹ̀ yìí tan: idẹ ni wọ́n fi ń ṣe ojúlówó rẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú mọ idẹ. Idẹ ni wọ́n fi ń rọ edan Òṣùgbó, idẹ ni àwọn ọlọ́ṣun sì ń fi sọ́wọ́. Bàbà àti síǹkì ni a pò pọ̀ di idẹ. Kì í dípẹtà bí irin. Nítorí náà, ẹni tí ń rajà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dídán tàn án. Kí ó gbé e lọ́wọ́, nítorí idẹ wúwo ju síǹkì lọ, ó sì wúwo ju rọ́bà tí wọ́n fi omi fàdákà ya lójú lọ fíìfíì. Kí ó wo inú ìdí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dè é mọ́ páìpù: bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ níbẹ̀, idẹ ni. Òòfà kò ní gbá a mú, ṣùgbọ́n kò ní gbá síǹkì náà mú. Òjé díẹ̀ a sì máa wà nínú idẹ mìíràn. Omi tí ó sùn mọ́jú nínú ẹ̀rọ kò yẹ ní mímu kí a tó jẹ́ kí ó dà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ agbára omi ni ó le jù. Omi inú táǹkì tí kànga tàbí bohóòlù ń kún ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò. Táǹkì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi mítà 10 ga ju ẹ̀rọ lọ kí omi tó ní agbára báà 1, bẹ́ẹ̀ báà 1 yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé ń béèrè. Bí táǹkì bá ga ju ẹ̀rọ lọ ní mítà 4 péré, ẹ̀rọ ìgbàlódé yóò máa kán tótó bí ọ̀ṣọ̀rọ̀ tí òjò ti dá. Ti àtijọ́ kò ní ìyọnu bẹ́ẹ̀; ihò rẹ̀ fẹ̀. Bí yanrìn bohóòlù bá sì jẹ wọ́ṣà rẹ̀, rọ́bà kékeré ni púlọ́ḿbà yóò pààrọ̀. Yanrìn kan náà a máa ha àwo tanganran inú ti ìgbàlódé, odindi inú rẹ̀ ni a ó sì wá kiri ọjà.

Ó ní àbùkù tirẹ̀. Ọrùn rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn ọwọ́ ń fara gbún béésìn, ẹni tí ó fẹ́ ṣe àlùwàlá níbẹ̀ kò sì ní rí àyè fọ apá dé ìgúnpá. Kẹ́tù ni yóò padà sí. Méjì-méjì ni òyìnbó ń tà á, ti omi gbígbóná ní òsì, ti tútù ní ọ̀tún. Nínú ilé tí wọ́n ti ń gbé omi kaná, ọ̀kan tó. Ekejì kàn dúró bí ère ni.

Ìyá arúgbó tí oríkèé ń dùn kò lè yí orí àgbélébùú yẹn bí ọṣẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ẹ̀rọ idẹ kan náà wà tí ó ní ọwọ́ gígùn dípò àgbélébùú, ìgúnpá lásán sì tó láti ṣí i. Bí ó bá jẹ́ òun ni ọmọ tí ó wà lókè òkun ń kọ́lé fún, kí ó mú un dání lọ sọ́jà, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i wò kí a tó sanwó.