Fíìmù Àgbéléwò Nínú Kíláàsì Yorùbá: Àwo tàbí Dáńlóòdù?

Ní Warri, Pidgin ni èdè ìgboro. Nítorí náà, fíìmù wúlò púpọ̀ fún olùkọ́ tó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tó gbọ́ ọ dáadáa. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé èyí tó yẹ kí olùkọ́ tọ́jú.

Àwo VCD kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 lọ. Ìdí nìyí tí fíìmù kan fi sábà máa ń wà lórí àwo méjì. Àwo a máa họ, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á ló ni ín. Ó lè yá ẹlòmíràn, kò sì nílò dáta.

Ti dáńlóòdù yàtọ̀. Aníkúlápó (2022) ti Kunle Afolayan wà lórí Netflix. Bí a tilẹ̀ dáńlóòdù rẹ̀, inú áàpù náà nìkan ni yóò ti ṣí. Bí a kò bá san owó oṣù mọ́, ó parí. Owó ìwòran la san, a kò ra fíìmù.

A dábàá pé kí yàrá ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì tọ́jú ojúlówó àwo fíìmù bíi Ṣaworoidẹ (1999) ti Tunde Kelani, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbé e. Kí a fi dáńlóòdù wo tuntun. Kí a má fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ọlọ́dọọdún.