Kànga, Gọ́tà àti Wolé-wolé

Ní àgbàlá ilé tó bá wà ní ibi kòtò ní Ìbà tàbí Òkókómáíkò l'Ékòó, kì í ṣòro láti rí kànga tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹnu rẹ̀ sókè. Ẹ̀rù àgbàrá ni onílé ń bà. Bí òjò bá rọ̀ tí gọ́tà kún, omi ìdọ̀tí àti ti ṣáláńgá á para pọ̀, ẹnu kànga ni wọ́n sì máa ń wá.

Báwo ni omi mímu ṣe di ẹrù onílé? Iléeṣẹ́ omi Àdìyàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1991, ni wọ́n kọ́ láti pèsè mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Ti Ìṣàṣì tó wà ládùúgbò wa, tó ń fa omi odò Òwò, kò ju mílíọ̀nù 4 lọ. Bẹ́ẹ̀ èrò ń wọ́: wọ́n dá LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983, gómìnà Jákàńdè kọ́ ilé sí Ìbà, ọjà Alábà ń gbòòrò. Onílé gbẹ́ kànga, olówó gbẹ́ borehole, ayálégbé ń ra kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́ruwà.

Iṣẹ́ omi àti ìmọ́tótó pín sọ́nà púpọ̀. Omi ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbé gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí fún ìjọba ìbílẹ̀. Ní 2003, wọ́n gé Ìbà kúrò lára Ọ̀jọ́, ó di LCDA, ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàrá ò mọ ààlà.

Ìjọba Èkó ò sùn. Láti 2009 ni wọ́n ti ń ṣe àpérò lórí ìyípadà ojú ọjọ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kéde ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá, àwọn òṣìṣẹ́ EFAG, ikọ̀ ìjọba tó ń gbógun ti àgbàrá, sì ń kó ìdọ̀tí inú gọ́tà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí omi bá fà tán, ta ló ń wo inú kànga?

Láyé àtijọ́, wolé-wolé á ṣí ìkòkò omi, á wò ó bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ṣì wà ní káńsù. Kí wọ́n padà wọlé lẹ́yìn omíyalé, kí wọ́n yẹ omi kànga wò, kí wọ́n sọ fún onílé bóyá ó ṣeé mu. Onílé tó gbé ẹnu kànga sókè ti ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Ó ku ti káńsù.