Ta ni olùtajà yóò fẹjọ́ sùn bí wọ́n bá ti àkáǹtì rẹ̀ pa?

Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lórí ìsọ̀ ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, ìyálọ́jà wà tí wọn yóò ké pè. Ní ìlú Oǹdó, Lọ́bùn, ọba obìnrin, ló ni àṣẹ ọjà láti ayébáyé. Wọn a gbọ́ ẹnu tọ̀tún-tòsì kí wọ́n tó dájọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta bàtà lórí Jumia, Konga tàbí Instagram lè jí lówùúrọ̀ kó rí i pé wọ́n ti àkáǹtì òun pa, kí gbogbo àlàyé tí wọ́n ṣe fún un má sì ju pé ó rú òfin lọ.

Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ń ṣọ́ olùtajà, kì í ṣe ènìyàn. Ó ń ka iye ọjà tí olùtajà pẹ́ kó tó fi ránṣẹ́, iye tí oníbàárà dá padà àti iye tó fagi lé. Ó ń wò ó bóyá orúkọ tó wà lórí àkáǹtì bá ti báńkì mu. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń lo fóònù kan náà lè jọ ẹnì kan ṣoṣo lójú rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n lé tó tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Bí iná bá lọ l'Ákùúrẹ́, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dá, ọjọ́ nìkan ni ẹ̀rọ yẹn ń kà.

Òótọ́ ni pé ayédèrú àti jìbìtì pọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Meta, tó ni Instagram, pa nǹkan bí 63,000 àkáǹtì Instagram rẹ́ ní Nàìjíríà, nítorí àwọn tó ń fi àwòrán ìhòòhò halẹ̀ mọ́ ènìyàn kí wọ́n lè gbowó. Ọjà tí kò bá lé olè, oníbàárà yóò sá fún un. Ohun tó ń dùn mí ni ìdájọ́ tí kò ní ìdí, àti owó tó há síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjà orí ayélujára ló ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kí wọ́n tó san án fún olùtajà. Bí àkáǹtì bá tì, owó òwò tì mọ́ ọn nìyẹn, èlé owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kò sì ní dúró dè é.

Ní Jámánì, nínú oṣù Keje ọdún 2019, àjọ tó ń rí sí ìdíje òwò mú kí Amazon gbà láti sọ ìdí, kí ó sì fún olùtajà ní ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó ti àkáǹtì rẹ̀ pa pátápátá. Òfin bẹ́ẹ̀ ti múlẹ̀ káàkiri Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2020.

Nàìjíríà kò tíì ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò ṣófo. Òfin ìdáàbòbò dátà ọdún 2023, ní abala 37, sọ pé kò yẹ kí ẹ̀rọ nìkan dá ẹjọ́ tó wúwo lé ènìyàn lórí. Olùtajà lè ní kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara tún ọ̀rọ̀ òun yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá kọ̀, NDPC, àjọ tó ń rí sí ìdáàbòbò dátà, ló yẹ kó gbọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí kò sì kọjá òfin: mílíọ̀nù 220 dọ́là ni FCCPC, àjọ tó ń rí sí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà, bu ìtanràn fún Meta lọ́dún 2024.

Ẹni tó bá kàn, má fi ìbínú ṣí àkáǹtì kejì, ẹ̀rí ni yóò di mọ́ ọ lọ́rùn. Béèrè ìdí ní kíkọ, kí o sì fi rìsíìtì ibi tí o ti ra ọjà ránṣẹ́. Ẹ̀yin aṣòfin wa ní Àbújá, ẹ kọ ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn sínú òfin Nàìjíríà.