Ṣé O Mọ̀ Pé Ihò Kan Wà Nínú Ìríran Rẹ?

Ṣé o mọ̀ pé ihò kan wà nínú ìríran rẹ bí o ṣe ń ka ìwé yìí, tí o kò sì rí i rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ? (Ẹ̀yin àgbà ìlú wa, Ute, ẹ má bínú pé mo ń pè yín ní “o”. “Ṣé o mọ̀” ló kó mi sí i.) Mú bébà funfun kan. Kọ àmì × sí apá òsì, fi bírò ṣe kókó dúdú kan sí apá ọ̀tún, kí àárín àwọn méjèèjì fẹ̀ tó ìka mẹ́rin. Di ojú òsì. Fi ojú ọ̀tún tẹjú mọ́ × yẹn nìkan. Na bébà náà síwájú, kí o wá máa fà á bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ díẹ̀díẹ̀. Tó bá ku nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà kó dé ojú rẹ, kókó dúdú náà á pòórá.

Kì í ṣe idán. Ibi tí àwòrán kókó náà bọ́ sí ni iṣan ìríran gbà jáde lẹ́yìn ẹyinjú, tó forí lé ọpọlọ. Fọ́nrán inú iṣan yìí lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n sì gba gbogbo àyè ibẹ̀ débi pé kò sí ohun tó lè mú ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Àlùfáà ará Faransé kan, Edme Mariotte, ló kọ́kọ́ kíyè sí i ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún.

Ìyanu ibẹ̀ kò tíì tán. Nígbà tí kókó náà pòórá, kí lo rí ní ipò rẹ̀? Kì í ṣe òkùnkùn. Bébà funfun lo rí. Ọpọlọ rẹ ló lẹ ibẹ̀ fún ọ, bíi télọ̀ tó mọ aṣọ lẹ̀ débi pé a kò mọ ibi tó ya, kò sì sọ fún ọ.

Ìwà ọpọlọ yìí gan-an ni àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma ń fara pamọ́ sí. Ó ń pa fọ́nrán iṣan ìríran díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa kì í dunni, ojú kì í pọ́n, ọpọlọ á sì máa lẹ ibi tó bá ti ya. Bàbá kan á fi ẹsẹ̀ kọ kùkùté lọ́nà oko kòkó, á ní wọn kò ro ọ̀nà. Ọlọ́kadà á yọ sí i láti ẹ̀gbẹ́, á ní àwọn ọmọ ìwòyí kò mọ ọ̀kadà gùn. Bẹ́ẹ̀, tó bá délé, á ka Bíbélì rẹ̀, á sì ka owó rẹ̀ láìṣì. Ìdí nìyẹn tí “ojú mi dá ṣáká” kò fi tẹ́ mi lọ́rùn mọ́ lẹ́nu ẹni tó ti lé lógójì ọdún.

Ṣé o mọ ìdí tí ọmọlójú fi dúdú? Kò dúdú o. Fèrèsé lásán ni. Dúró síta lọ́sàn-án gangan kí o wo fèrèsé ilé alámọ̀: òkùnkùn lo máa rí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà nínú ilé ń ríran jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ wo inú ojú ní láti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ọ̀nà kan náà tí ojú tirẹ̀ gbà wọlé, ṣùgbọ́n tó bá ti gbé orí síbẹ̀, orí rẹ̀ á dínà mọ́ ìmọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún 29 ni Hermann von Helmholtz, ará Jámánì, nígbà tó já ìdí ọ̀rọ̀ yìí ní 1850. Ó dáàbú gíláàsì síwájú ojú, gíláàsì náà da ìmọ́lẹ̀ àtùpà sínú ọmọlójú, òun náà sì gba inú gíláàsì kan náà wòye. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là fún àwọn dókítà láti máa wo ẹ̀yìn ojú. Kò sì sí ibòmíràn lára tí a ti lè fojú rí iṣan àti òpó ẹ̀jẹ̀ alààyè báyìí láìfi ọ̀bẹ kan èèyàn.

Ìwọ náà ti rí ẹ̀yìn ojú rí. Yẹ àwọn fọ́tò àríyá alẹ́ àtijọ́ wò, àwọn tí ojú èèyàn ti pọ́n bí iná. Ẹ̀yìn ojú wọn tí ẹ̀jẹ̀ kún ni fíláàṣì kámẹ́rà tàn sí.

Ṣé o mọ ohun tí dókítà ń wá níbẹ̀? Ẹnu ibi tí iṣan ti ń jáde yẹn rí roboto, ihò kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀, bí ihò tí ọmọdé ń fi ìka ṣe sáàárín iyán kó lè da ọbẹ̀ sí i. Iyán tó yí ihò náà ká ni àwọn fọ́nrán. Bí glaucoma bá ń pa wọ́n, etí iyán á máa tín-ín-rín, ihò á máa fẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra: ẹnu iṣan àwa èèyàn dúdú sábà máa ń tóbi ju ti òyìnbó lọ, ihò àárín rẹ̀ sì lè fẹ̀ láìsí àìsàn kankan. Nítorí náà ni fọ́tò fi dára. Fọ́tò ọdún yìí kan ṣoṣo lè rú dókítà lójú, ṣùgbọ́n tó bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, á rí bí ihò náà bá ń fẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ kan wà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ohun tí skáànù aláboyún ń fi ìró ṣe? OCT ni wọ́n ń pè é. David Huang, James Fujimoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1991. Ìpele àwọn fọ́nrán tó yí ẹnu iṣan ká nípọn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, bíi bébà tí o fi ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ yìí lè wọn bí bébà yẹn ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i. Kò gún ọ lábẹ́rẹ́, kò fọwọ́ kan ojú rẹ; gbé àgbọ̀n lé e, má ṣẹ́jú, ó ti parí. Ó ṣe pàtàkì, torí pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn fọ́nrán náà lè ti kú kí àyẹ̀wò tí a fi ń wọn bí ojú ṣe ń ríran sí ẹ̀gbẹ́ tó fi í hàn. Fọ́nrán tó bá sì ti kú kì í jí mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé omi inú ojú kì í ṣe omijé? Ojú ń pọn ọ́n fúnra rẹ̀, ó sì ń dà á nù, láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì ni gbogbo rẹ̀ ti yí padà. Tí kò bá rí ibi ṣàn gbà dáadáa, ìfúnpá á pọ̀ nínú ẹyinjú, iṣan á sì jìyà rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn kan wà tí ìfúnpá ojú wọn kò ga rárá tí glaucoma sì ń bá jà. Ẹni tí wọ́n kàn wọn ìfúnpá ojú fún, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, kò tíì ṣàyẹ̀wò tán.

Ṣé o mọ̀ pé láàárín 2005 sí 2007, wọ́n yẹ ojú àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè wò káàkiri Nàìjíríà, àwọn tó lé ní 13,000? Nínú 100 wọn, 5 ló ní glaucoma. Nínú 100 tó ní in, àwọn tó lé ní 94 ni kò mọ̀. Ìdá kan nínú márùn-ún wọn ti fọ́jú. Wọ́n sì rí i lára Yorùbá àti Ìgbò ju àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ. Ní Tema ní Ghana, àti ní Barbados, níbi tí wọ́n kó àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ lẹ́rú lọ láti apá ibí, iye náà tó bíi 7 nínú 100.

Ta ló máa wá yẹ gbogbo wọn wò? Ní Nakuru, Kenya, wọ́n so ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Peek Retina mọ́ fóònù, ẹni tí kì í ṣe dókítà sì fi ya ẹnu iṣan ìríran. Àbájáde tó jáde ní 2016 fi hàn pé fọ́tò náà kò jìnnà sí ti kámẹ́rà ńlá tí àwọn dókítà ojú ń lò.

Ní 2018, àwọn olùwádìí Google kọ́ kọ̀ǹpútà débi pé tó bá wo fọ́tò ẹ̀yìn ojú, á sọ bóyá ọkùnrin ló ni ín tàbí obìnrin, ohun tí dókítà kankan kò lè ṣe. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ti ń wá glaucoma báyìí. Ó wú mi lórí, ṣùgbọ́n ojú ta ni wọ́n fi kọ́ ọ? Èyí tó bá jẹ́ ojú òyìnbó nìkan ló mọ̀ lè pe ihò ńlá tí Ọlọ́run dá mọ́ wa ní àìsàn.

Ìtọ́jú ńkọ́? Oògùn ìkán-sójú wà, iṣẹ́ abẹ wà, iná lésà náà wà. Ní Tanzania, ìwádìí kan tó jáde ní 2021 rí i pé lésà ṣiṣẹ́ ju oògùn timolol lọ. (Tí ikọ́ fée bá ń ṣe ọ́, sọ fún dókítà kó tó kọ timolol fún ọ.) Kò sí èyí tó lè dá ìríran tó ti lọ padà, wọ́n ń dáàbò bo èyí tó kù ni.

Àwọn ọmọ Ute tó wà ní ìlú London, ẹ̀yin tí ẹ ti pé 40 tí òbí yín, ọmọ ìyá yín tàbí ọmọ yín sì ní glaucoma, ọ̀fẹ́ ni NHS ń yẹ ojú yín wò. Ẹ lọ.

Ẹ̀yin tó wà nílé, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC Ọ̀wọ̀, kò jìnnà. Ibà Lassa làwọn ará ibòmíràn fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀ka ojú, àwọn dókítà ibẹ̀ sì ti ń kọ̀wé ìwádìí lórí ojú àwọn ará Ọ̀wọ̀ tipẹ́. Bí o bá ti pé 40, wọ ọkọ̀ lọ. Sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ojú lo fẹ́ kí wọ́n wò; awò ojú tí wọ́n ń tà lọ́jà Ọba kò rí ẹ̀yìn ojú ẹnikẹ́ni. Má gun ọ̀kadà rẹ lọ, torí oògùn tí wọ́n máa kán láti fẹ ọmọlójú lè mú kí ojú rẹ ṣú fún wákàtí díẹ̀. Tí wọ́n bá sì ya fọ́tò, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọ̀kan sínú fóònù rẹ kí o tó kúrò níbẹ̀.