Lẹ́ńsì Àfikún àti Àdàkọ Àwòrán Àtijọ́ Ilé

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé onígbàgbọ́, àpótí kan wà tí a kì í ṣí lójoojúmọ́, nínú èyí tí àwòrán bàbá àgbà àti ìyá àgbà wà pẹ̀lú ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó wọn. Nínú ilé mìíràn, Bíbélì ńlá ni a fi pamọ́, tí a ti fi tàdáwà kọ orúkọ àwọn ọmọ àti ọjọ́ ìbí wọn sí ojú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní èkejì. Ọ̀rinrin a máa bà á jẹ́, kòkòrò a máa jẹ ẹ́, tàdáwà rẹ̀ a sì máa ṣá lọ díẹ̀díẹ̀ títí a kò fi ní lè kà á mọ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ nípa lẹ́ńsì kékeré kan tí a ń so mọ́ iwájú kámẹ́rà, tí ẹni tí ó bá ní sùúrù lè fi ṣe àdàkọ àwọn ohun ìrántí wọ̀nyí láì gbé wọn jáde kúrò nílé.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a sọ ewu tí ó wà níbẹ̀. Àdàkọ tí kò mọ́ kedere burú ju àìní àdàkọ lọ, nítorí pé a máa tan ni jẹ. Bí ẹnìkan bá ya ojú ewé Bíbélì ilé rẹ̀, tí àwòrán náà sì ṣe bàìbàì tó bẹ́ẹ̀ tí 1903 fi jọ 1908, inú rẹ̀ a dùn pé òun ti fi ìwé náà pamọ́, kò sì ní ṣọ́ èyí tí ó wà nínú àpótí mọ́. Ní ogún ọdún sí i, kòkòrò lè ti jẹ ìwé náà tán, kí àwọn ọmọ-ọmọ sì máa bá ara wọn jiyàn bóyá ọdún yìí ni a bí bàbá wọn tàbí ọdún yẹn, láìsí ohun tí yóò là wọ́n níjà.

Gbogbo kámẹ́rà ni ó ní ibi tí kò lè súnmọ́ nǹkan kọjá. Lẹ́ńsì 50 mm, èyí tí ó wọ́pọ̀ lára kámẹ́rà onífíìmù 35 mm, kì í sábàá ríran kedere sí ohun tí ó bá súnmọ́ ọn ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ. Kámẹ́rà alápòótí tí a ń pè ní Brownie, èyí tí ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1900 ní owó dọ́là kan péré, kò tilẹ̀ ní ohun tí a lè yí rárá. Ẹni tí ó bá súnmọ́ ọn jù, ojú rẹ̀ a di bàìbàì nínú àwòrán. Nítorí èyí ni ilé iṣẹ́ náà fi ta lẹ́ńsì àfikún fún irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, kí a lè ya ojú ènìyàn ní ìtòsí.

Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Àgbàlagbà tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún a máa na ìwé orin jìnnà kí ó tó lè kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi awò sójú, a mú ìwé náà súnmọ́ra, a sì kà á geere. Lẹ́ńsì àfikún jẹ́ awò ìkàwé fún kámẹ́rà. Nọ́ńbà tí a kọ sí i lára, +1, +2, +3 tàbí +4, jẹ́ irú nọ́ńbà kan náà tí oníṣègùn ojú ń kọ fún awò àgbàlagbà. Kò sì gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ kámẹ́rà, nítorí náà a kò ní láti fi kún ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nítorí rẹ̀.

Nínú nọ́ńbà yìí ni ìwọ̀n wà. Ẹ fi nọ́ńbà náà pín 100, ẹ ó sì rí iye sẹ̀ǹtímítà tí ó gbọ́dọ̀ wà láàárín lẹ́ńsì àfikún àti ohun tí à ń yà, nígbà tí a bá yí lẹ́ńsì kámẹ́rà fúnra rẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn réré, níbi tí àmì ∞ wà. Bẹ́ẹ̀ ni +1 jẹ́ 100 cm, +2 jẹ́ 50, +3 jẹ́ nǹkan bí 33, +4 jẹ́ 25, tí +10 sì jẹ́ 10 péré. Bí a bá so méjì pọ̀, a ó ro nọ́ńbà wọn pọ̀, kí +1 àti +2 di +3. Èyí tí ó lágbára jù ni kí ó wà ní ìhà kámẹ́rà. Bí a bá sì yí lẹ́ńsì kámẹ́rà wá sí ìtòsí, ìwọ̀n náà a tún kúrú sí i, kò ní gùn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró ní 40 cm pẹ̀lú lẹ́ńsì +4 lè yí òrùka kámẹ́rà rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àwòrán náà kò ní mọ́.

Ohun tí a fẹ́ yà ni yóò sọ irú lẹ́ńsì tí a ó lò. Lórí lẹ́ńsì 50 mm àti fíìmù 35 mm, +2 a gba ibi tí ó tó 36 cm ní gígùn àti 24 cm ní ìbú, èyí tí ó tó fún ojú ewé Bíbélì ńlá. +4 a gba 18 cm àti 12 cm, tí ó bá àwòrán tí ó tó káàdì ìfìwéránṣẹ́ mu. +10 a gba nǹkan bí 7 cm àti 5 cm, fún àwòrán kékeré irú èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà. Bákan náà ni ó rí fún kámẹ́rà tuntun tí kò lo fíìmù, bí ojú tí ó fi ń gba àwòrán bá tóbi tó fíìmù náà. Bí ó bá kéré, ibi tí yóò gbà a kéré sí i.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n rò pé bí lẹ́ńsì bá ti lágbára tó ni àwòrán yóò ti mọ́ tó. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Bí a ti ń súnmọ́ ohun kan, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ó mọ́ kedere ń tín-ín-rín sí i. Lórí kámẹ́rà onífíìmù tí a wí yìí, bí a bá fi ihò ìmọ́lẹ̀ sí f/8, +2 a fún wa ní nǹkan bí 5 cm tí ó mọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. +4 a fún wa ní sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀. +10 kò tó mìlímítà méjì. Bí a bá ṣí ihò náà gbòòrò sí f/2, ti +4 a di nǹkan bí mìlímítà mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àtijọ́ kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Etí rẹ̀ a máa ká sókè, àárín lè mọ́ kí etí ṣàì mọ́. Nítorí náà, f/8 tàbí f/11 ni kí a lò, kí a má sì lo lẹ́ńsì tí ó lágbára ju èyí tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ lọ.

Ìdí mìíràn tún wà tí ó fi yẹ kí ihò ìmọ́lẹ̀ kéré. Lẹ́ńsì àfikún tí owó rẹ̀ kò pọ̀ a máa jẹ́ gíláàsì ẹyọ kan ṣoṣo, irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ kì í sì í kó gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ jọ sí ojú kan. Pupa a bọ́ sí ibì kan, àwọ̀ aró a bọ́ sí ibòmíràn, etí àwòrán a sì ṣe bàìbàì. Ní ọdún 1758, John Dollond ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù gba ìwé àṣẹ lórí lẹ́ńsì tí a fi oríṣi gíláàsì méjì ṣe, tí ọ̀kan ń tún àbùkù èkejì ṣe. A ṣì ń rí lẹ́ńsì àfikún onígíláàsì méjì rà títí di òní. Ó wọ́n ju ẹlẹ́yọ kan lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìwé púpọ̀ láti yà kò ní kábàámọ̀ owó rẹ̀.

Wàyí o, bí a ti í ṣe é nìyí. Lọ́nà kìíní, ẹ tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì nítòsí fèrèsé tí oòrùn kò ràn wọlé tààrà. Bí ó bá ṣe pé iná ni ẹ ó lò, ẹ gbé méjì kalẹ̀, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, kí ìmọ́lẹ̀ wọn dagun wá, kí ojú ìwé má bàa máa dán. Bí àwòrán bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù rẹ̀, ẹ má ṣe fi ipá yọ ọ́.

Lọ́nà kejì, ẹ gbé kámẹ́rà ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ojú rẹ̀ kọ sí ìwé náà gan-an. Kí ẹ tó so lẹ́ńsì àfikún mọ́ ọn, ẹ fi dígí pẹlẹbẹ kan sí ibi tí ìwé yóò wà; bí ẹ bá rí ojú kámẹ́rà náà ní àárín gbùngbùn àwòrán, ó tọ́. Bí ó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kámẹ́rà dagun.

Lọ́nà kẹta, ẹ fi téèpù wọn ìwọ̀n tí a ti sọ. Nítorí pé àwòrán tí ó ti ṣá kì í ní ohun tí ojú lè dì mú, ẹ fi ègé ìwé ìròyìn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa wo lẹ́tà kéékèèké ara rẹ̀. Ẹ má ṣe máa yí òrùka kámẹ́rà. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ máa gbé sókè sódò díẹ̀díẹ̀ títí lẹ́tà wọ̀nyí yóò fi mọ́. Kámẹ́rà tí ojú ìwòran rẹ̀ kò gba inú lẹ́ńsì kò lè fi èyí hàn yín. Ìwọ̀n téèpù nìkan ni ẹ ó gbẹ́kẹ̀ lé.

Lọ́nà kẹrin, ẹ lo ohun tí ń mú kí kámẹ́rà dúró díẹ̀ kí ó tó ya àwòrán, kí ìka yín má bàa mì ín. Lọ́nà karùn-ún, ẹ sọ àdàkọ náà di ńlá, kí ẹ wo àárín àti igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ẹnìkan ka orúkọ àti ọdún sókè láti inú ìwé, kí ẹlòmíràn máa fi àdàkọ tẹ̀ lé e. Bí nọ́ńbà kan bá rú u lójú, ẹ tún un yà kí ẹ tó dá ìwé padà sí àpótí.

Òfin kan náà ni ó wà fún lẹ́ńsì tí a ń há mọ́ ẹ̀yìn fóònù alágbèéká. Ó gbọ́dọ̀ jókòó sí àárín ojú fóònù náà gan-an. Fóònù tí ó ní ojú méjì tàbí mẹ́ta lè fúnra rẹ̀ yí sí ojú mìíràn nígbà tí a bá súnmọ́ nǹkan, nítorí náà, ẹ rí i dájú pé ojú tí ẹ há lẹ́ńsì mọ́ ni ó ń ya àwòrán.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ má ṣe sọ ìwé àtijọ́ nù. Ẹ fi í sí ibi gbígbẹ. Kí ẹ sì gbé àdàkọ náà tọ àwọn àgbà ilé lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí ó dúró ní ọ̀tún àti ẹni tí ó jókòó ní òsì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́ńsì lè mú kí ojú mọ́ kedere, ṣùgbọ́n kò lè sọ orúkọ ẹni tí ó ni ín.