Ohùn Tí Kò Já Gaara: Bí A Ṣe Lè To VLC Lórí Kọ̀ǹpútà

Àkòrí ọ̀rọ̀ wa tòní kì í ṣe ohun tó le, ṣùgbọ́n ó ń da ọ̀pọ̀ ilé láàmú, pàápàá lásìkò yìí tí ẹbí máa ń jókòó pọ̀ lẹ́yìn ìṣínu láti gbọ́ wáàsí àtijọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ti kásẹ́ẹ̀tì àti fídíò ọjọ́ pípẹ́ tí a ti dà sórí kọ̀ǹpútà, tí a wá ń gbọ́ tí kò yé ni, tí a ń wò tí ojú ń ro ni.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Bàbá ti lọ, àmọ́ ohùn bàbá ṣì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ ní bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọmọ gbé e lọ fún ẹni tó bá wọn dà á sórí kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí wọ́n gbé e délé tí wọ́n ṣí i, ariwo hùùù ló gba ibẹ̀ kan, ohùn bàbá wá wà lábẹ́ rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Wọ́n gbé ohùn sókè, ló bá tún ń ya. Lẹnì kan bá ní ó ti bàjẹ́, kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pa á rẹ́ o. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn náà wà nínú fáìlì. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gbé e jáde ni ẹnikẹ́ni kò tíì tò.

Ètò tó ń gbé ohùn àti àwòrán jáde lórí kọ̀ǹpútà pọ̀. Èyí tí a ó fi ṣe àlàyé ni VLC, tí àmì rẹ̀ dà bí òkòtó ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì máa ń gbé dí ọ̀nà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris ní ilẹ̀ Faransé ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1996, nígbà tí wọ́n fẹ́ máa wo tẹlifíṣàn lórí kọ̀ǹpútà inú ọgbà wọn. Ní 2001, ilé-ẹ̀kọ́ náà gbà kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀fẹ́ ni títí dòní. Bí ẹnì kan bá gba owó lọ́wọ́ yín kó tó fi í sínú kọ̀ǹpútà yín, owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ san, kì í ṣe owó VLC.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan. Gbogbo ohun tí a ó yí yìí, bí ohùn ṣe ń jáde nìkan ló ń yí, kò dé ara fáìlì rárá. Ẹni tó bá wọ awò ojú láti kàwé, awò náà ò yí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé padà. Bó bá wá dojú rú pátápátá, ẹ lọ síbi Tools, ẹ yan Preferences, ẹ tẹ Reset Preferences tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ pa VLC, kí ẹ tún un ṣí. Á padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ohùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohùn tó bá ga ni ohùn tó máa yé ni. VLC pàápàá ń ti àwọn ènìyàn sí i, torí pé ó máa ń jẹ́ kí ohùn kọjá 100. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń pa ohùn mọ́. Nínú irú fáìlì tó wọ́pọ̀ jù, nọ́ńbà tó ga jù tó lè gbà ni 32,767. Ẹ fi wé kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gààrí lọ́jà. Ìyá ọlọ́jà lè rọ́ ọ kó yọ lókè, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò mọ èènì: bí ohùn bá kọjá ẹnu kóńgò, ńṣe ló máa gé orí rẹ̀ dànù. Orí tó gé yẹn ni etí ń gbọ́ tó fi dà bíi pé sípíkà ya. Nítorí náà, ẹ fi VLC sí 100, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Bó bá kù díẹ̀ káàtó, ara sípíkà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gbé e sókè.

Ṣùgbọ́n wáàsí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní gbangba tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè rọra máa sọ ọ́, kí àwọn èrò sì hó lójijì. Ìyá àgbà tí etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa mọ́ á ní kí ẹ gbé e sókè. Bí èrò bá ti hó, gbogbo ilé á fò dìde. Bẹ́ẹ̀ lọmọ kan á dúró ti kọ̀ǹpútà, tí á máa gbé e sókè, tí á máa gbé e wálẹ̀, títí wáàsí á fi parí. Kọ̀ǹpútà lè ṣe iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀.

Ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ E. Ojú kan á ṣí. Lábẹ́ Audio Effects, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ Compressor sí. Ẹ kọ́kọ́ tẹ àpótí kékeré tó wà fún Enable, torí bí kò bá sí àmì nínú rẹ̀, ẹ lè fa gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní gbọ́ tiyín. Iṣẹ́ Compressor ni kó máa tẹ ohùn tó bá ga jù mọ́lẹ̀. Threshold ni ààlà tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́. Ratio ni bí yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ tó: bí ẹ bá fi í sí 4, ariwo tó bá fi 4 dB kọjá ààlà, 1 dB péré ni yóò jẹ́ kó fi kọjá. Lẹ́yìn tí ariwo bá ti wálẹ̀, Makeup gain ló máa wá gbé gbogbo rẹ̀ sókè pọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ á sì di ohun tí ìyá lè gbọ́. Ẹ fi Ratio sí 3 tàbí 4, kí ẹ máa fa Threshold wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ohùn olùbánisọ̀rọ̀ àti ariwo èrò á fi súnmọ́ ara wọn. Ẹ wá gbé Makeup gain sókè níwọ̀nba. Bó bá pọ̀ jù, ariwo hùùù tó wà lẹ́yìn á bá a dìde, torí ohùn kékeré lòun náà.

Ariwo hùùù yẹn wá ńkọ́? Iná mànàmáná wa ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wáyà máìkì ò bá dára lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀, iná á kọrin tirẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì ní 50 Hz, ègbè rẹ̀ á sì wà ní 100 Hz. Lábẹ́ Audio Effects kan náà, ẹ yan Equalizer. Nǹkan fífà mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, láti 60 Hz dé 16 KHz. Ẹ tẹ Enable, ẹ fa 60 wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ẹ fa 170 wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbé 3 KHz sókè ní 3 tàbí 4 dB. Láti 3 KHz yẹn lọ sókè ni etí ti ń mọ "sán" ti àrá yàtọ̀ sí "ṣán" ti oko. Bí ẹ bá ti gbé nǹkan sókè níbẹ̀, ẹ fa Preamp wálẹ̀ díẹ̀ kí kóńgò tí a sọ lẹ́ẹ̀kan má baà tún kún. Bí ẹ bá rí Save nísàlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó má baà gbàgbé.

Ẹ lè máa rò ó pé, ṣé fífa ohùn ìsàlẹ̀ wálẹ̀ báyìí kò ní sọ "igbá" di "ìgbà" mọ́ wa lọ́wọ́, nítorí òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ni Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀. Kò ní ṣe é. Lóòótọ́, ìpìlẹ̀ ohùn àgbàlagbà ọkùnrin máa ń wà láàárín nǹkan bí 85 sí 180 Hz, ṣùgbọ́n ohùn kì í dá rìn. Ègbè rẹ̀ wà ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ara wọn sì ni etí ti ń mọ bí ohùn ṣe ga tó, bí ìpìlẹ̀ ò tilẹ̀ dún mọ́. Ṣé ẹ rántí tẹlifóònù onídè àtijọ́? Kì í gbé ohun tó bá wà lábẹ́ 300 Hz kọjá dáadáa, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó pe ọkọ̀ tí wọ́n gbọ́ ọkọ́ lórí rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ sípíkà kan ṣoṣo lohùn ti ń jáde, ẹ lọ síbi Audio lókè, ẹ yan Stereo Mode, kí ẹ mú Left tàbí Right, èyíkéyìí tí ohùn bá wà. Bí olùbánisọ̀rọ̀ bá sì ń yára jù, ẹ tẹ [ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Á fà á falẹ̀, kò sì ní sọ ohùn rẹ̀ di ohùn òkú bíi ti kásẹ́ẹ̀tì tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Bọ́tìnì = ló máa dá a padà.

Ó ku àwòrán. Fídíò kásẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ wa, ti PAL ni: àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n wọn kì í ya ìlà àwòrán kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún ni wọ́n á kọ́kọ́ yà, kí wọ́n tó padà wá ya ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Tẹlifíṣàn oníkùn àtijọ́ ń gbé wọn jáde ní ìdajì-ìdajì bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń kó ìdajì méjèèjì síta pọ̀. Bí ìyàwó bá wá gbé ọwọ́ nínú fídíò, ọwọ́ ti kúrò níbi tó wà kí ìdajì kejì tó dé, etí ọwọ́ náà á wá rí ṣágiṣàgi bí eyín òòyà. Ẹ tẹ D. Bí kò bá tó, ẹ lọ síbi Video, ẹ fi Deinterlace sí On, kí ẹ yan Yadif. Bí eyín òòyà ò bá lọ síbẹ̀, ẹni tó dà á ló ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán. Ẹ gbé kásẹ́ẹ̀tì padà lọ, kí ẹ ní kó má ṣe yí ìwọ̀n àwòrán nígbà tó bá ń dà á.

Fídíò ìgbà yẹn, 4 ní fífẹ̀ sí 3 ní gíga ni. Ojú kọ̀ǹpútà òde òní sábà máa ń jẹ́ 16 sí 9. Bí wọ́n bá ti fà á kó lè kún ojú yìí, gbogbo èrò ìgbéyàwó á sanra. Ẹ máa tẹ A títí 4:3 á fi hàn. Bí ẹnu bá ń mì kí ohùn tó dé, ẹ máa tẹ J. Bó bá jẹ́ ohùn ló ṣáájú ẹnu, ẹ máa tẹ K. Ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá lẹ ń yí nígbà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ rọra.

Ti fídíò fóònù tó ń dúró tó ń lọ, ẹ kọ́kọ́ dà á kúrò lórí flash sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, nínú Preferences, lábẹ́ Input / Codecs, ẹ fi Hardware-accelerated decoding sí Automatic. Bí àwòrán bá wá di dúdú tàbí àwọ̀ ewé, ẹ fi sí Disable.

Ohun tí máìkì ò gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí bí a ṣe lè to VLC tó máa mú un wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ má ju kásẹ́ẹ̀tì nù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dà á tán. Ẹ ní kí ẹni tó ń dà á fún yín ní WAV, kì í ṣe MP3 kékeré nìkan, torí MP3 máa ń ju díẹ̀ nù nínú ohùn kó lè fúyẹ́. Kí ẹ tó fi kásẹ́ẹ̀tì rán ọmọ, ẹ ṣẹ́ ike kékeré méjì tó wà léyìn rẹ̀ kúrò, ọ̀kan ní igun ọ̀tún, ọ̀kan ní igun òsì. Ti fídíò VHS, ọ̀kan ṣoṣo ni. Bí ike yẹn bá ti kúrò, ẹ̀rọ ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ṣèèṣì gba orin lé bàbá lórí.