Ohun tí ó Ń Mú Òru Ọyẹ́ Tutù

Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń bi mí pé kí ní ń mú òru ọyẹ́ tutù tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oòrùn ọ̀sán gangan. Ní ìgbà òjò, omi tí ó ti di oru, tí ojú kò rí, pọ̀ nínú afẹ́fẹ́; òun ni aṣọ ìbora ilẹ̀, kì í jẹ́ kí ìgbóná ọ̀sán tètè lọ. Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń wá, òun àti eruku Bodélé ti ilẹ̀ Chad. Ó gbẹ táútáú, ilẹ̀ a sì sùn láìbora. Ọyẹ́ yìí náà ní ń fa omi ara pákó ìsọ̀ mu, bí ó ti ń fa ti ètè wa. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa gbogbo iná kí ẹ tó tilẹ̀kùn: ẹyinná kan tó láti jó odidi ìlà ọjà.